Kọ́míìkì Yorùbá olójú-ìwé 24: kí ló yẹ kí á yanjú kí fáìlì tó dé Ṣómólú?

AyàwòránAkọ̀tàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìwé kọ́míìkì kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ tẹ̀ ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó. Ojú-ìwé 24 ni inú rẹ̀, dúdú àti funfun. Èèpo rẹ̀ ní àwọ̀. Ẹ̀dà 300 ni a fẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀. A4 ni a fi yà á. Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Fọ́ǹtì kọ́míìkì tó wà lọ́wọ́ ń yọ àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ṣ wà, àmì orí ọ́ sì ń fò lọ sápá ọ̀tún. Ṣé A4 dára? Ṣé offset (ìtẹ̀ onípléètì) ni àbí DI (ìtẹ̀ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà)? Fọ́ǹtì wo ló ń gbé Yorùbá dáadáa? Kí ni àwọn atẹ̀wé máa ń torí rẹ̀ dá fáìlì padà? Àwòrán ńlá kan tún wà tó gba ojú-ìwé méjì pọ̀, ojú-ìwé 9 àti 10.

BàbáPépà
Ẹ jẹ́ ká ti orí ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pa owó. Pépà tí ẹ̀rọ DI ń jẹ ni SRA3, 320 × 450 mm. Ìwé A4 tí a bá là sílẹ̀ jẹ́ A3, nítorí náà pépà SRA3 kan kò lè gbà ju ojú-ìwé A4 mẹ́rin lọ, iwájú méjì, ẹ̀yìn méjì. Ìwé A5 tí a bá là sílẹ̀ jẹ́ A4, méjì rẹ̀ sì wọ SRA3 kan tòun ti bleed rẹ̀ (etí àwòrán tó kọjá ibi gígé). Ojú-ìwé mẹ́jọ nìyẹn lórí pépà kan ṣoṣo.

Ẹ wá ṣírò ó. Ojú-ìwé 24 ní A4 yóò jẹ pépà 6 fún ẹ̀dà kan, 1,800 fún ẹ̀dà 300. Ní A5, pépà 3 fún ẹ̀dà kan, 900 lápapọ̀. Èèpo ìwé náà, dípò pépà 300, yóò di 150.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo ìwọ̀n kọ́míìkì Amẹ́ríkà, 168 × 260 mm. Ó wuyì lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye pépà SRA3 tí A4 ń jẹ náà ni yóò jẹ, ìyókù á lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kí ó fẹ́ ẹ, kí ó sáà mọ̀ pé òun ń sanwó pépà tí wọ́n ń gé dànù.

Ohun tí A5 ń gbà lọ́wọ́ yín ni àyè. Ẹ má ṣe kàn fún A4 di A5 kí ẹ ní ó parí. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kù: lẹ́tà tó jẹ́ 9 pt á di 6.4 pt. Ojú-ìwé tó bá ní àpótí mẹ́sàn-án, ẹ dín in sí márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tò. Bí ẹ bá ti fi òjìji alámì tóótòòtó sínú àwòrán náà, ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: tí ẹ bá fún àwọn tóótòòtó yẹn kéré, wọ́n á máa yọ ìlà-ìlà àti ìgbì tí kò sí nínú iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ òjìji náà kúrò, ẹ fún ìlà àwòrán kéré, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tún òjìji fi sí i ní ìwọ̀n tí a fẹ́ tẹ̀.

Fáìlì ojú-ìwé A5 pẹ̀lú bleed 3 mm yíká jẹ́ 154 × 216 mm. Fún ìlà dúdú, 600 dpi, ìyẹn 3638 × 5102 píksẹ́lì. Èèpo aláwọ̀, 300 dpi tó. Kí ọ̀rọ̀ kankan má sún mọ́ ibi gígé ju 6 mm lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìdì, kí ó jẹ́ 10 mm.

Lẹ́tàLóbì
Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ kọ́míìkì Yorùbá ti ń fìdí rẹmi, kì í ṣe orí àwòrán.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́ǹtì kọ́míìkì fún, lẹ́tà ńlá nìkan. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: U+1EB9, U+1ECD, U+1E63. Ń àti ǹ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kankan tó dá dúró. Lẹ́tà ọ ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì U+0301 tàbí U+0300 lé e lórí. Fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní ìtọ́ni nínú tí yóò sọ ibi tí àmì máa jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ìtọ́ni yẹn kò bá sí, àmì á jókòó síbi tó bá wù ú: ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń fò sápá ọ̀tún. Àpótí òfìfo ní ti ṣ yàtọ̀ sí èyí. Ó túmọ̀ sí pé fọ́ǹtì náà kò ní lẹ́tà yẹn rárá.

Kí ẹ tó fẹ́ràn fọ́ǹtì kan, ẹ tẹ ìlà yìí sínú rẹ̀: Ẹ̀ Ẹ́ Ọ̀ Ọ́ Ṣ Ń Ǹ À Á È É Ì Í Ò Ó Ù Ú, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kékeré. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà dáadáa. Bí ọ̀kan bá ṣì, ẹ fi fọ́ǹtì yẹn sílẹ̀ tàbí kí ẹ múra láti tún un ṣe.

Àwọn tó ń gbé Yorùbá láìsí wàhálà, tí wọ́n sì jẹ́ ọ̀fẹ́: Andika, Charis, Gentium, Noto Sans. Nínú wọn, Andika ló sún mọ́ ìwé ọwọ́ jù, bàlúùnù ọ̀rọ̀ sì bá a mu. Kò ní jọ kọ́míìkì Amẹ́ríkà, ìyẹn kò sì burú.

Bí fọ́ǹtì bá tilẹ̀ dára, ètò tí ẹ fi ń kọ ọ̀rọ̀ lè bà á jẹ́. Ní Photoshop àtijọ́, ẹ lọ sí ibi ìyànfẹ́ Type, ẹ mú World-Ready Layout. Ní InDesign, Adobe World-Ready Paragraph Composer ni kí ẹ yàn. Inkscape àti Scribus láti 1.5.3 sókè ń to àmì dáadáa fúnra wọn. Ètò ìyàwòrán púpọ̀ kò mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí náà ẹ ya àwòrán síbi tó bá wù yín, kí ẹ gbé e lọ sí Inkscape tàbí Scribus láti kọ ọ̀rọ̀. Àǹfààní kejì ni pé ọ̀rọ̀ á dúró bí ìlà onífẹ́ktọ̀, kò ní di píksẹ́lì, etí rẹ̀ á mú.

Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ya bàlúùnù yí i ká. Ẹni tó bá ya bàlúùnù ṣáájú yóò máa fún lẹ́tà mọ́ra nígbẹ̀yìn.

AyàwòránAkọ̀tàn
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. A rí fọ́ǹtì mìíràn tí wọ́n ní ó gbé èdè Vietnam. Ẹ àti ọ dára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣ jáde bí ẹni pé fọ́ǹtì ọ̀tọ̀ ni, ọ́ sì ṣì ń ṣe ségesège. Kí ló fà á?

Lẹ́tàLóbì
Pańpẹ́ tó wọ́pọ̀ ni. Vietnam ń lo ẹ àti ọ bíi tiwa, àmọ́ wọn kò ní ṣ. Àmì ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ohùn fún tiwọn, nítorí náà wọn kì í fi àmì mìíràn lé e lórí láti sọ ohùn kejì. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà kò rí ìdí kankan láti ṣètò ọ́ tàbí ọ̀. Ṣ tí ẹ rí yẹn, kọ̀ǹpútà ló lọ yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn.

Bí ìwé àṣẹ fọ́ǹtì bá gbà yín láyè, ẹ lè tún un ṣe nínú FontForge, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé àmì U+0300, U+0301 àti U+0323 wà níbẹ̀; bí wọn kò bá sí, ẹ yà wọ́n. Ẹ lọ sí àyè U+1E62 àti U+1E63, ẹ fi Build Accented Glyph kọ́ Ṣ àti ṣ láti ara S àti àmì ìsàlẹ̀. Ẹ wá ṣí lookup (àkójọ ìtọ́ni) tuntun lábẹ́ GPOS, ibi ìtọ́ni ìjókòó àmì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Mark to Base, ẹ fi anchor (ojúkò tí àmì máa jókòó sí) kan sórí àwọn fáwẹ̀lì méjèèje, ńlá àti kékeré, àti sórí n àti m, kí ẹ fi èyí tó bá a mu sí ìsàlẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan. Lórí Ẹ àti Ọ ńlá, kí anchor ga díẹ̀ ju ibi tí ojú kọ́kọ́ bá sọ fún yín lọ. Ẹ yí orúkọ fọ́ǹtì padà kí ẹ tó gbé e jáde, kí kọ̀ǹpútà má baà dà á pọ̀ mọ́ ti àtijọ́; àwọn ìwé àṣẹ kan sì fi dandan lé yíyí orúkọ padà.

Ẹ ka ìwé àṣẹ yẹn o. Àwọn ilé fọ́ǹtì kọ́míìkì kan ń fún olómìnira ní fọ́ǹtì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Ohun kan tó kù: ọ́ tí ẹnì kan tẹ̀ lórí fóònù àti èyí tí ẹlòmíràn tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè jọra lójú kí wọ́n má jọra nínú. Ọ̀kan lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì òkè, èkejì ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Nínú bàlúùnù kan náà, ọ̀kan á jókòó dáadáa, èkejì á wọ́. Kí gbogbo ọ̀rọ̀ eré náà kọjá nínú ètò tó ń sọ ọ́ di NFC (ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo nínú Unicode) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàlúùnù.

Òǹkàwé_Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú o, ṣé àmì ohùn pọn dandan? Ìwé ìròyìn Yorùbá púpọ̀ kì í fi sí gbogbo ọ̀rọ̀, a sì ń kà á. Ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ nìkan sí i, kí wàhálà dín kù.

Lẹ́tàLóbì
Ìwé ìròyìn ní gbólóhùn gígùn tó ń tọ́ òǹkàwé sọ́nà. Bàlúùnù lè ní ọ̀rọ̀ méjì péré, kí ẹni tó ń sọ ọ́ sì wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ojú rẹ̀ kò hàn. Òǹkàwé á dúró, á padà sẹ́yìn, á kà á ní ìgbà kejì. Ìyára ìtàn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù, kí ó fi àmì sí orúkọ ènìyàn, oríkì, òwe àti ibikíbi tí ọ̀rọ̀ ti lè ní ìtumọ̀ méjì, kí ó sì ṣe é bákan náà láti ojú-ìwé 1 dé 24. Àmọ́ bí fọ́ǹtì bá ti dára, kí la tún ń yọ àmì fún?

Ohun tó lè dín wàhálà kù ni pé kí á fi lẹ́tà ńlá sílẹ̀. Lẹ́tà ńlá tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ń fẹ́ àlàfo ìlà tó tó 140 sí 150 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n lẹ́tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì ìlà kejì á máa kan àmì ìsàlẹ̀ ìlà àkọ́kọ́. Bàlúùnù á wú, á bo ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán. Lẹ́tà kékeré ní àyè lórí a, e àti o fún àmì tẹ́lẹ̀, nítorí náà 125 sí 130 tó o. Fún A5, 8 pt sí 9 pt ní Andika. Kí lẹ́tà ńlá kù fún ariwo àti ìró nìkan. Ọwọ́ ni ó dára jù kí ẹ fi ya ìyẹn.

Ẹ̀rọGTO
Ohun tí a ń rí lẹ́nu ẹ̀rọ nìyí.

Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú K 100 nìkan, kí yíǹkì mẹ́ta tó kù, C (cyan), M (magenta) àti Y (yellow), jẹ́ òdo. Fáìlì RGB (àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) tí wọ́n kàn yí sí CMYK (àwọ̀ yíǹkì) máa ń sọ dúdú di àdàpọ̀ yíǹkì mẹ́rin. Ẹ̀rọ offset GTO tàbí Kord alàwọ̀ kan gbọ́dọ̀ gbé pépà kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ó tó di aláwọ̀ kíkún, pépà sì máa ń fà nígbà tí omi ẹ̀rọ àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀. Bí rẹ́jísítà (ìbámu àwọ̀ kan lórí èkejì) bá yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mm, àwòrán lè má sọ̀rọ̀, àmì ohùn ti di méjì. Lórí èèpo aláwọ̀, àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé ni ìyà yìí kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹ tún fi overprint (títẹ dúdú lé àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ lórí) sí ọ̀rọ̀ dúdú, kí ojú funfun má baà yọ ní etí rẹ̀.

Lẹ́tà funfun lórí dúdú: yíǹkì máa ń tàn lórí pépà, ó ń di ihò kékeré. Àmì ìsàlẹ̀ ṣ ló máa kọ́kọ́ dí. Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má kéré ju 10 pt lọ, kí ó nípọn, kí ilẹ̀ dúdú náà sì jẹ́ K nìkan.

Ìlà tó bá tín-ín-rín ju 0.25 pt lọ lè sọnù. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ eérú ni ẹ fi kùn ún, ẹ jẹ́ kí ó ju 0.5 pt lọ, torí tóótòòtó ni ẹ̀rọ yóò fi ya eérú yẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ tán, ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di ìlà, Object to Path ní Inkscape, kí ẹ tó gbé PDF jáde. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè má ní fọ́ǹtì yín, yóò sì fi tirẹ̀ dípò láìbéèrè. Ẹ tọ́jú fáìlì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé tún kọ sọ́tọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí PDF yẹn nínú CorelDRAW láti “tún un ṣe díẹ̀” lójú yín. Ibẹ̀ ni àmì ti ń sá lọ.

AláròÀwọ̀
Nípa èèpo: àwọ̀ ara ènìyàn dúdú máa ń kú lórí pépà bí ẹ bá fi K púpọ̀ ṣe é dúdú. Ẹ jẹ́ kí magenta àti yellow gbé àwọ̀ náà, kí cyan fún un ní ìjìnlẹ̀, kí K wà fún òjìji nìkan. Elùú àdìrẹ ní ìdààmú tirẹ̀: ó ń di àwọ̀ àlùkò. Kí magenta máa fi ó kéré tán 30 dín sí cyan. C 100 M 60 á dúró ní elùú, C 100 M 90 á ti yà sí ọ̀nà mìíràn. Àpapọ̀ yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbikíbi kí ó má ju 300 lọ lórí pépà dídán, 250 lórí bond (pépà tí kò dán), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní gbẹ, á sì máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èyí tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ má fi ojú fóònù yan àwọ̀.

BàbáPépà
Ojú-ìwé 9 àti 10 tí ẹ sọ kò lè jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo. 9 wà lápá ọ̀tún, 10 sì ni ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Òǹkàwé kò ní rí méjèèjì pọ̀ láéláé. Nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ló ń wà lósì. Ẹ gbé e lọ sí 10 àti 11, tàbí, èyí tó dára jù, 12 àti 13. Nínú ìwé olójú-ìwé 24 tí a fi wáyà dì láàárín, 12 àti 13 nìkan ló wà lórí pépà kan náà láìgé. Ní 10 àti 11, pépà méjì ọ̀tọ̀ ni wọn, apá ọ̀tún lè ga ju òsì lọ ní mm kan, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ojú ènìyàn tàbí ọ̀rọ̀ kọjá láàárín.

Láti gbé e lọ sí 12, ojú-ìwé mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọlé ṣáájú rẹ̀ tàbí kí mẹ́ta ti ẹ̀yìn sún síwájú. Ẹ má fi òfìfo dí i. Àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin nígbà gbogbo: 20, 24, 28. Ìwé ojú-ìwé 26 kò sí ní ìdì oníwáyà.

Pépà: inú, bond 100 gíráàmù. 80 gíráàmù dín owó kù, ṣùgbọ́n dúdú ojú-ìwé kan á máa hàn ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì hàn jù nínú kọ́míìkì torí ilẹ̀ dúdú pọ̀. Èèpo, art card (páálí dídán) 250 gíráàmù. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ojú ìṣẹ́po rẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ, kí ìṣàn pépà náà sì bá ẹ̀yìn ìwé lọ ní òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìṣàn bá dábùú, èèpo á là ní ìlà funfun lójú ìṣẹ́po, láminéṣọ̀n pàápàá kò bo gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi pépà lásán ṣe dọ́mì. Ẹ ká pépà 6, ẹ kọ nọ́ńbà ojú-ìwé sí i, ẹ gbé e lọ pẹ̀lú fáìlì. PDF yín kí ó jẹ́ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, 1 sí 24, kì í ṣe méjìméjì. Ṣọ́ọ̀bù ni yóò tò ó.

AyàwòránAkọ̀tàn
A ti gba A5 àti 12–13. Nípa offset àti DI wá, fún 300?

Ẹ̀rọGTO
Kord 64 gba pépà 46 × 64 cm. Ojú-ìwé A5 mẹ́jọ ló wọ ojú kan rẹ̀, mẹ́rìndínlógún ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ojú-ìwé 24 di pépà kan àti ààbọ̀: pléètì méjì fún 16 àkọ́kọ́, pléètì kan fún 8 tó kù, tí a ó yí pépà padà tẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí a sì gé e sí méjì. Pléètì mẹ́ta péré, àwọ̀ kan. Pépà ńlá 450 fún 300 ẹ̀dà, ẹ fi 50 sí 100 kún un fún èyí tí ẹ̀rọ máa bà jẹ́ nígbà ìtúnṣe yíǹkì.

Owó offset wà nínú pléètì àti ìmúrasílẹ̀ ẹ̀rọ. Iye kan náà ni ẹ ó san yálà 100 ni àbí 1,000, pépà nìkan ló ń pọ̀. Ti DI ń lọ ní ojú kọ̀ọ̀kan: 900 SRA3 iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ 1,800 ojú. Ẹ béèrè iye ojú kan dúdú ní DI, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,800, kí ẹ fi wé owó pléètì mẹ́ta, ìmúrasílẹ̀ àti ìtẹ̀. Ní dúdú nìkan, 300 sábà máa ń fì sí ọ̀dọ̀ offset. Ní aláwọ̀ kíkún, pléètì yóò di méjìlá, DI á sì tún rí ọ̀rọ̀ sọ. Fún èèpo, ẹ ṣe DI: pépà 150 kò tó ohun tí a ń gbé pléètì mẹ́rin sí.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣọ́ọ̀bù tó bá sọ iye kan fún gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ pépà, pléètì, ìtẹ̀, láminéṣọ̀n, ìdì àti gígé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Fóònù_Lọ́wọ́
Ẹ má gbàgbé àwọn tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń kàwé. Ojú-ìwé A5 lórí fóònù, lẹ́tà á kéré jù. Ẹ tú àpótí kúrò nínú ojú-ìwé, ẹ tò wọ́n sísàlẹ̀ ní ìlà kan ní fífẹ̀ píksẹ́lì 800. WEBTOON Canvas, ojúlé kọ́míìkì orí ayélujára, ń fẹ́ 800 × 1280 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àlàfo láàárín àpótí ni ẹ ó fi ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́: píksẹ́lì 100 fún ìṣẹ̀lẹ̀ tó tẹ̀léra, 600 sókè fún àyípadà ibi tàbí àkókò. Lẹ́tà kí ó má kéré ju píksẹ́lì 28 lọ. JPEG máa ń fi eruku sí etí lẹ́tà, àmì ohùn ló sì ń bà jẹ́ jù. Fún dúdú àti funfun, PNG tó ní ìpele àwọ̀ eérú 16 péré mọ́ ju JPEG lọ, ó sì sábà máa ń fúyẹ́ jù ú lọ. Dátà ni owó ẹni tó ń kà á.

Fún àwọn tó fẹ́ ẹ ní ojú-ìwé kíkún, ẹ kó àwòrán sínú zip, ẹ sọ àwọn fáìlì ní 01, 02 dé 24, kí ẹ yí ìparí orúkọ zip náà sí cbz. Bí ẹ bá kọ 1, 2, 10 láìsí òdo, àwọn ètò kan á gbé 10 ṣáájú 2.

TábìlìỌjà
Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISBN àti ISSN. Ìwé tó dá dúró ń fẹ́ ISBN. Bí ẹ bá fẹ́ máa gbé e jáde ní nọ́ńbà kìíní, ìkejì, ìkẹta, ẹ béèrè ISSN. Ẹ ṣe é kí èèpo tó parí, kí àyè báákóòdù má baà bo ẹsẹ̀ akọni yín.

Bí ẹlòmíràn bá kọ ìtàn, tí ẹlòmíràn yà á, ẹ kọ ìwé àdéhùn kí lẹ́ẹ̀dì tó kan pépà. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ (Copyright Act) ti Nàìjíríà, ti 2022, ẹ̀tọ́ wà fún oníṣẹ́ láìforúkọsílẹ̀, ó sì ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé tí a fọwọ́ sí ni a fi ń gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Owó tí ẹ san fún ayàwòrán nìkan kò tó. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú: ta ló ni àwọn ẹ̀dá inú ìtàn, ta ló lè tà wọ́n fún fíìmù, ta ló ni pépà tí a fọwọ́ yà.

Títà: Lagos Comic Con ti wà láti 2012, tábìlì ibẹ̀ dára fún ẹni tó ní ju ìwé kan lọ, ẹ mú POS tàbí nọ́ńbà àkáǹtì tí a kọ gàdàgbà dání. Ilé ìtàwé máa ń gba ìwé láìsanwó ṣáájú, wọ́n sì ń yọ ìpín tiwọn lórí iye títà, nítorí náà ẹ má fi iye ìwé sí ìlọ́po méjì péré owó ìtẹ̀ kan. Ìlọ́po mẹ́ta ló ń fi nǹkan sílẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú orílẹ̀-èdè tí Kickstarter, ojúlé ìkówójọ fún iṣẹ́, ń gbà kí iṣẹ́ ti wá, àyàfi bí alábàáṣiṣẹ́ yín tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bá forúkọ ara rẹ̀ ṣí i, pẹ̀lú àkáǹtì àti owó orí tirẹ̀. Fún cbz àti PDF, Selar, ojúlé ìtajà orí ayélujára, ń gba náírà.

Òǹkàwé_Mọ́kọ́lá
Ó dáa, mo gbà fún yín lórí àmì. Ẹ jẹ́ kí èmi òǹrà náà fi tèmi kún un.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ kó ìwé, ẹ má kà á ní èèpo nìkan. Ẹ fa ẹ̀dà mẹ́ta yọ nínú dìdì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹ ṣí i láti 1 dé 24. Bí wọ́n bá kó pépà kíká kan ní ẹ̀ẹ̀mejì dípò òmíràn, ẹ lè rí ojú-ìwé 5 ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí 9 má sì sí. Ẹ wo 12–13 bóyá wáyà bọ́ sórí ìṣẹ́po gan-an. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mm méjì, ìwé kò ní dé pa. Ẹ fi èékánná fa dúdú tó pọ̀: bí ó bá bá ọwọ́ lọ, kò tíì gbẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì í pa. Àwọn tó bá ní àbùkù, ẹ dá wọn padà níbẹ̀ ṣáájú owó tó kù.

Nílé, wáyà ni ọ̀tá yín lásìkò òjò. Ó ń dípata, ìpata náà á sì wọ pépà àárín. Ẹ má gbé páálí kalẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tàbí kí ẹ fi ti ògiri. Ẹ gbé e lórí pákó, kí afẹ́fẹ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ fi sínú ọ̀rá polypropylene pẹ̀lú páálí tí kò ní ásíìdì lẹ́yìn, kí ẹ tò wọ́n ní òòró. Ọ̀rá dúdú ọjà kò dára fún un.

Ẹ̀rọGTO
Ẹ béèrè kí wọ́n fún yín ní pépà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ tó dára, kí ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ̀rọ tó máa lọ. Bí nọ́ńbà kejì bá dé, òun ni ẹ ó gbé lọ fi wé dúdú tuntun.

AyàwòránAkọ̀tàn
Ẹ ṣé gan-an. Fáìlì yóò lọ bí A5, K 100, Andika 8.5 pt lẹ́tà kékeré, bond 100, art card 250. Ìbéèrè kan ló kù: láminéṣọ̀n dídán ni àbí aláìdán?

BàbáPépà
Aláìdán máa ń gba èékánná lórí ilẹ̀ dúdú, ó sì ń fi àmì ọwọ́ hàn. Bí èèpo yín bá dúdú, dídán ni. Ojú kan péré kí ẹ ṣe, ti ìta. Ẹ fi inú èèpo sílẹ̀ kí òǹkọ̀wé lè rí ibi fọwọ́ sí tí bíírò kò ní yọ̀ lórí rẹ̀.